Gámà, X-ray, álífà, níútírọ́ọ̀nù: bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń ba krómósómù inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́, àti bí a ṣe lè yan àyẹ̀wò

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Inú ti ń run ún láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, dókítà sì ti kọ CT fún un, ẹ̀rọ tó ń fi X-ray yàwòrán inú ara. Mo rò pé ọ̀rọ̀ owó ló fẹ́ bá mi sọ. Ó ní, "Wọ́n ní ẹ̀rọ yẹn máa ń jó ẹ̀jẹ̀ èèyàn. Ìwọ tó ò ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì, ṣé òótọ́ ni àbí irọ́?"

Ẹnu mi ti fẹ́ sọ pé irọ́ ni, mo tún gbé e mì. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ìtànṣán kan wà tó lè já krómósómù inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn okùn tó gbé àjogúnbá wa, bí ẹni já okùn. Òmíràn wà tí kò lè já ohunkóhun láé. Láàárín àwọn tó ń já a gan-an, ọwọ́ wọn ò dọ́gba. Ohun tí mo ṣàlàyé fún un lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo kọ síbí, pẹ̀lú àwọn nǹkan tí mi ò rántí sọ nígbà náà.

Ẹ̀jẹ̀ wo là ń sọ?

Sẹ́ẹ̀lì pupa ló pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, kò sì ní krómósómù kankan. Inú mùdùnmúdùn egungun ló ti ń ta kóró rẹ̀ (nucleus, ilé tí krómósómù ń gbé) nù kó tó jáde sínú iṣan. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ "krómósómù ẹ̀jẹ̀", sẹ́ẹ̀lì funfun ni wọ́n ń sọ, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní lymphocyte, ọ̀kan lára àwọn ọmọ ogun ara. Krómósómù 46 ló wà nínú kóró ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, 23 láti ọ̀dọ̀ ìyá, 23 láti ọ̀dọ̀ bàbá.

Ohun tó jẹ́ kí àwọn onímọ̀ fẹ́ràn lymphocyte ni pé ó ń rìn káàkiri gbogbo ara, síbẹ̀ oorun ló ń sùn. Kì í dédé pín sí méjì. Ohun tó bá bà á jẹ́ lónìí á wà níbẹ̀ títí ẹnìkan á fi jí i. Ní 1960, Peter Nowell ní Amẹ́ríkà rí i pé èròjà kan tí wọ́n ń yọ lára ẹ̀wà pupa ńlá kan lè jí sẹ́ẹ̀lì yìí kó sì máa pín. (Ẹ má ṣe ìyọnu, ẹ̀wà tí a ti sè jinná kò ní í jí nǹkankan nínú yín.) Bí sẹ́ẹ̀lì bá ti ń múra àtipín, krómósómù rẹ̀ á sanra, á sì hàn kedere lábẹ́ maikirosikóòpù. Ibẹ̀ ni èèyàn ti lè ka àpá tí ìtànṣán dá sí i lára, bí a ṣe ń ka ilà lójú.

Okùn àti ìbàdí

Okùn méjì tí a lọ́ pọ̀ ni DNA tó wà nínú krómósómù. Bí ọ̀kan bá já, èkejì ṣì di orí méjèèjì mú, ara á sì tún un ṣe láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan jíjá bẹ́ẹ̀ ò tó nǹkan, ojoojúmọ́ ayé ló ń ṣẹlẹ̀ lára wa láìsí ìtànṣán. Ìjàngbọ̀n bẹ̀rẹ̀ nígbà tí okùn méjèèjì bá já lójú kan náà. Orí okùn á wá máa fò kiri. Bí krómósómù méjì bá já báyìí nítòsí ara wọn, alátùn-únṣe inú sẹ́ẹ̀lì lè ṣi orí okùn mú, kó so ti ẹni kan mọ́ ti ẹlòmíràn.

Krómósómù kọ̀ọ̀kan ní ìbàdí kan ṣoṣo, ibi tó ti tínrín, tí wọ́n ti máa ń fà á nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń pín. Bí ìsoṣì yẹn bá mú apá méjì tó ní ìbàdí pọ̀, a ti ní krómósómù oníbàdí méjì nìyẹn, àjákù tí kò ní ìbàdí á sì ṣẹ́kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà míì, krómósómù kan a ká orí mọ́ ìrù, a di òrùka. Oníbàdí méjì yìí ni ẹlẹ́rìí tó dájú jù, torí pé lára ẹni tí kò ṣalábàápàdé ìtànṣán ju ti ilẹ̀ àti ojú ọ̀run lọ, nǹkan bí ẹyọ kan péré lèèyàn máa ń rí nínú ẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì.

Tipa òkúta méjì

Ibi tí ìyàtọ̀ wà gan-an nìyí. Ẹ fojú inú wo tipa méjì tó kó granáìtì jáde láti kúárì, ẹrù wọn dọ́gba. Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn àkọ́kọ́ ò dáa, ó ń jó sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan láti Láfẹ́nwá títí dé Pánsẹ́kẹ́. Gíláàsì ọkọ̀ méjì mẹ́ta á fọ́, òrùlé ẹnìkan á ta. Èkejì da gbogbo tirẹ̀ sórí ilé kan ṣoṣo. Àdúgbò tó kù ò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ilé yẹn ti lọ.

Gámà, X-ray àti bẹ́tà ni tipa àkọ́kọ́. Álífà àti níútírọ́ọ̀nù ni èkejì. Bí a bá ní Gray, ìwọ̀n agbára tí ìtànṣán fi sílẹ̀ nínú ara, ẹrù inú tipa là ń wọ̀n. Bí a bá ní Sievert, a ti béèrè bí wọ́n ṣe dà á sílẹ̀ kí a tó kọ nọ́ńbà: nínú ìṣírò ààbò, Gray kan gámà ni Sievert kan, ṣùgbọ́n Gray kan álífà ni 20.

*Gámà.* Òun ló ń jáde lára kóbáltì-60 tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ, àti iridium-192 tí àwọn tó ń yẹ ojú ìjó páìpù wò máa ń gbé kiri. Ó ń gba inú ara kọjá, òjé tàbí ògiri kọnkíríìtì tó nípọn nìkan ló ń mú agbára rẹ̀ rọ̀. Gray kan rẹ̀ máa ń já ẹ̀gbẹ́ kan okùn ní nǹkan bí 1,000 ojú nínú sẹ́ẹ̀lì kan, ó sì ń já méjèèjì pọ̀ ní nǹkan bí 40. Èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ ibi yẹn, omi ló ń bá a ṣe é: ó ń fọ́ omi inú sẹ́ẹ̀lì, èérún omi tó gbóná yẹn ló wá ń bu DNA ṣán.

Nítorí pé ó ń fọ́n ẹrù rẹ̀ ká, kí krómósómù méjì tó já nítòsí ara wọn, ó sábà máa ń gba ìtànṣán méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìṣirò rẹ̀ kì í fi í gùn tààrà. Ní Gray kan, èèyàn á rí oníbàdí méjì bíi 8 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì. Ní Gray méjì, ẹ má retí 20, ó ń lọ sí 25 tàbí 30. Ẹ sì tún gbọ́: bí a bá pín Gray méjì yẹn sí ọjọ́ púpọ̀, iye náà á wálẹ̀, torí pé ara ti so okùn àkọ́kọ́ kí èkejì tó já. Ara ohun tó fà á nìyẹn tí wọ́n fi ń pín ìtọ́jú jẹjẹrẹ sí díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan.

*X-ray.* Ìbátan gámà ni, inú ẹ̀rọ ló ti ń wá, tí iná bá kú ó tán. 1895 ni Röntgen rí i ní Jámánì, ọdún yẹn náà ni wọ́n dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Lántòrò, ní Abẹ́òkúta níbí. Ohun tó ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu ni pé bí ìwọ̀n bá kéré, X-ray ń bí oníbàdí méjì ju gámà kóbáltì lọ, ìlọ́po méjì sí mẹ́ta. Agbára rẹ̀ kéré sí ti gámà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí élẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń tì síwájú bá ti ń rìn jẹ́jẹ́ ni òkúta rẹ̀ ń já lulẹ̀ pọ̀ sójú kan. Òfin ààbò ò ka ìyàtọ̀ yìí sí, ó kọ "1" fún àwọn méjèèjì. Mi ò bá òfin jà. Ohun tó rọrùn láti lò lóko iṣẹ́ ló ń wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ka krómósómù lábẹ́ maikirosikóòpù ò gbọdọ̀ fi ìlà ìṣirò kóbáltì díwọ̀n ẹni tí X-ray bá, irọ́ ló máa kọ.

*Bẹ́tà.* Ó jọ gámà níṣe, àyàfi pé kì í rìn jìnnà, mìlímítà díẹ̀ sí bíi sẹ̀ǹtímítà kan nínú ẹran ara. Áyódínì-131 tí wọ́n ń fún àwọn tí gẹ̀gẹ̀ ń yọ lẹ́nu, bẹ́tà inú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́.

*Álífà.* (Kì í ṣe ààfáà o, létà àkọ́kọ́ àwọn ará Gíríìsì ni.) Òun ló yẹ kí a jókòó tì. Bébà kan ń dá a dúró, awọ òkú tó wà lójú ara wa ń dá a dúró. Níta, aláìlágbára ni. Bó bá wọ inú nípa mímí tàbí jíjẹ, ìrìn rẹ̀ ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà, gbogbo ẹrù rẹ̀ ló sì máa dà sílẹ̀ láàárín ìrìn kúkúrú yẹn. Bó bá gba kóró sẹ́ẹ̀lì kan kọjá lẹ́ẹ̀kan péré, ó lè já krómósómù mẹ́ta, mẹ́rin, kó pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra tí ojú ò ní í mọ ti ta ni ti ta. Irú ìdàrúdàpọ̀ yìí ni àmì tí a fi ń mọ̀ ọ́n.

Àmì kejì wà, òun ni mo fẹ́ràn jù: ẹ wo bí oníbàdí méjì ṣe pín láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì. Bí gbogbo ara bá gba gámà, ó ń pín bí òjò ṣe ń pín sórí òrùlé, ọ̀kan síhìn-ín ọ̀kan sọ́hùn-ún. Ti álífà, ẹ máa rí sẹ́ẹ̀lì tó ní mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Pípín in sí ọjọ́ púpọ̀ ò sì dín iṣẹ́ ibi rẹ̀ kù, torí pé ẹnìkan ṣoṣo ló ń dá gbogbo rẹ̀ ṣe, kò dúró de ẹnì kejì. Láyé ọjọ́un, láàárín ọdún 1930 sí 1950, wọ́n máa ń fa oògùn kan tó ń jẹ́ Thorotrast sí àwọn èèyàn lára kí X-ray wọn lè hàn dáadáa. Tóríọ́ọ̀mù tó ń tu álífà ló wà nínú rẹ̀, kì í sì í jáde lára mọ́. Ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, krómósómù inú ẹ̀jẹ̀ wọn ṣì ń já.

*Níútírọ́ọ̀nù.* Kò ní iná mànàmáná kankan lára, nítorí náà ó ń wọlé jìnnà, á wá lọ fi orí sọ háídírójìn inú omi ara. Prótọ́ọ̀nù tó bá tì dànù ló ń da òkúta. Ìṣirò tirẹ̀ ń gùn tààrà: ìlọ́po méjì ẹrù, ìlọ́po méjì ìbàjẹ́. Gray fún Gray, ó ń bí oníbàdí méjì ju gámà lọ lọ́nà púpọ̀. Ìwọ àti èmi ò lè ṣèèṣì pàdé rẹ̀ ní Kútọ̀. Ní Nàìjíríà, inú ẹ̀rọ ìwádìí NIRR-1 ní Zaria ló wà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004, àti lọ́wọ́ àwọn tó ń fi í wo ìsàlẹ̀ kànga epo. Ní Tokaimura, ní Jàpáàn, ní 1999, níútírọ́ọ̀nù àti gámà ló bá àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta tí wọ́n fi báàkẹ́ẹ̀tì da yùréníọ́ọ̀mù pọ̀. Méjì kú nínú wọn.

Èyí tó kù, òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, fóònù, maikirowéèfù, MRI tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì yàwòrán inú ara: kò sí èyí tó ní agbára àtijá okùn DNA. Síkáànù aláboyún, ohùn lásán ni. Mo mọ̀ pé àdúgbò kan lè kó ara wọn jọ lé àwọn tó fẹ́ ri òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Mi ò tíì rí àdúgbò tó kó ara wọn jọ béèrè ìdí tí wọ́n fi ń ya CT ọmọ kan ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan.

Àwa tó ń gbé abẹ́ òkúta

Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé ṣé Olúmọ náà ń tu ìtànṣán. Bẹ́ẹ̀ ni. Granáìtì ní yùréníọ́ọ̀mù àti tóríọ́ọ̀mù ju ọ̀pọ̀ òkúta mìíràn lọ. Gámà tó ń jáde lára rẹ̀ kéré débi pé kíka krómósómù ẹnìkan ò lè fi í hàn. Ohun tó yẹ kí a fọkàn sí ni rádọ́ọ̀nù, afẹ́fẹ́ tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, tó ń ti inú ilẹ̀ jáde, tó sì ń tu álífà. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń bá jà ju ẹ̀jẹ̀ lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á sí ohun kejì lẹ́yìn sìgá tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó kọ́lé sórí àpáta, tó ní yàrá tí fèrèsé rẹ̀ ò ṣí rí nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, kó ṣí fèrèsé náà. Kò ná an ní kọ́bọ̀. Ẹni tó ń fọ́ òkúta, kó wọ ìbomú, torí pé eruku òkúta fúnra rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ kí a tó sọ̀rọ̀ ìtànṣán rárá.

Bó bá jẹ́ pé ó ti bá yín ná: àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wo?

Ti àwọn òṣìṣẹ́ nìyí: ẹni tó ń ya X-ray, ẹni tó ń yẹ páìpù wò. Báàjì tí wọ́n ń fi sáyà láti wọn ìtànṣán ló kọ́kọ́ yẹ kó sọ̀rọ̀. Bí báàjì bá sọnù, tàbí tó jẹ́ pé inú ọkọ̀ ló gbé e sí, ẹ̀jẹ̀ lè jẹ́rìí.

Èyí tí mo máa yàn fún ẹni tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ sí láìpẹ́ ni kíka oníbàdí méjì. Òun ló péye jù, ó ń rí gámà láti nǹkan bíi 0.1 Gray. Òun ni wọ́n lò ní Goiânia ní Brazil ní 1987, nígbà tí àwọn èèyàn fọ́ ẹ̀rọ ilé ìwòsàn tí wọ́n pa tì, tí sísíọ́ọ̀mù-137 inú rẹ̀ tàn kálẹ̀. Àbùkù rẹ̀ méjì ni: ó ń gba ọjọ́ méjì láti jí sẹ́ẹ̀lì kí kíka tó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń parẹ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún, torí pé oníbàdí méjì máa ń kú bó bá fẹ́ pín, apá ọ̀tún ń fà á, apá òsì ń fà á.

Bó bá ti pẹ́, bíi ọdún mẹ́wàá tàbí ogún, kí wọ́n wá pàṣípààrọ̀, èyíinì ni krómósómù méjì tó gba ìrù ara wọn láìní ìbàdí àlékún. Sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ń pín láìsí wàhálà, àmì náà sì ń bá a lọ. FISH ni wọ́n fi ń rí i, wọ́n ń fi àwọ̀ oríṣiríṣi kun krómósómù kí àjèjì tó lẹ̀ mọ́ ọn lè hàn. Lára àwọn tó yè nínú bọ́ǹbù átọ́míìkì Hiroshima ṣì ni wọ́n ti rí i ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn 1945. Ó wọ́n.

Kíka ọmọ kóró, àjákù tó ṣẹ́kù sẹ́yìn tó wá di kóró kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ńlá, yá, ó sì rọrùn bí èèyàn bá pọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí nìkan ń mú un pọ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí ìwọ̀n tó kéré. γH2AX, tó ń fi ojú ibi tí okùn ti já hàn, yá jùlọ, wákàtí díẹ̀ péré. Lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, ara ti so okùn, àmì ti lọ.

Èyíkéyìí tí ẹ bá ṣe, ẹ jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì náà wà láàyè dé yàrá àyẹ̀wò. Ẹ má gbé ẹ̀jẹ̀ sínú fìríìsà. Ẹ sì má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín pé krómósómù tó já nínú ẹ̀jẹ̀ á lọ sára ọmọ tí ẹ máa bí. Lymphocyte kì í bímọ. Wọ́n ti ṣàyẹ̀wò àwọn ọmọ tí àwọn tó yè ní Hiroshima àti Nagasaki bí lẹ́yìn bọ́ǹbù, wọn ò rí ìbàjẹ́ àjogúnbá tó ju ti àwọn ọmọ mìíràn lọ.

Àwòrán wo ni kí a yà?

| Àyẹ̀wò | Ohun tó ń lò | Ìwọ̀n (mílísíífátì, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún Sievert) |
|---|---|---|
| Síkáànù (ultrasound) | ohùn | 0 |
| MRI | mágínẹ́ẹ̀tì | 0 |
| X-ray àyà | X-ray | 0.1 tàbí kó dín |
| CT orí | X-ray | bíi 2 |
| CT ikùn àti ìbàdí | X-ray | bíi 8 sí 10 |

Ilẹ̀, ojú ọ̀run àti oúnjẹ ń fún èèyàn ní 2.4 lọ́dún, bí a bá pín in dọ́gba láàárín gbogbo ayé. X-ray àyà kan, ẹ má bá a jà. CT ikùn kan tó ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin irú ìyẹn. Kò tó ohun tí kíka oníbàdí méjì lè rí lára ẹnìkan, ṣùgbọ́n γH2AX ti fi hàn pé okùn ń já lóòótọ́ nígbà CT, èyí tó pọ̀ jù sì ń so padà láàárín ọjọ́ kan.

Nítorí náà, bí orí bá fọ́ nínú ìjàǹbá mọ́tò, tàbí dókítà ń fura sí ẹ̀jẹ̀ nínú ọpọlọ, ẹ wọ inú CT kíá, ẹ má dúró ka krómósómù. Bó bá jẹ́ oyún, òrónro, kíndìnrín tàbí ọmọ kékeré, ẹ béèrè bóyá síkáànù lè ṣe é kọ́kọ́. MRI dára fún ọpọlọ, ọ̀pá ẹ̀yìn àti orúnkún, owó rẹ̀ ló ń lé èèyàn, ẹni tó ní irin kan nínú ara sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kó tó wọlé. Ohun tó ń bí mi nínú jù ni àtúnyà. Ilé ìwòsàn kan sọ fíìmù X-ray bàbá mi nù, wọ́n ní kí wọ́n tún un yà, ibòmíràn ò gba èyí tí wọ́n tún yà, wọ́n yà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ gba fíìmù yín, ẹ gba CD yín, ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ìwé ilẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi padà lọ bá dókítà, ó béèrè bí mo ṣe ní kó béèrè: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé síkáànù ò lè kọ́kọ́ wò ó?" Dókítà wo ìwé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó ní ó lè ṣe é. Òkúta ni wọ́n bá nínú òrónro, mẹ́ta, ó hàn gbangba, síkáànù sì mọ irú òkúta bẹ́ẹ̀ rí ju CT lọ. Ó pè mí lójú ọ̀nà ilé. Ó ní, "Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ní kí òkúta bá mi wọ inú?"